Ọdún Tí Mo Mú Lára Kọ́bọ́ọ̀dù

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé kò sí ohun tí a kò lè rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, màá gbé àga fún un, màá sì ní kó bá mi wá ìtàn ìlú wa. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi wá a. Ojú mi pọ́n, ọrùn mi gan, mo sì ń bínú sí gbogbo ẹni tó bá rẹ́rìn-ín nítòsí mi.

Ìwé àṣẹ kan ló dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá ilé-ìwé wa kà á fún wa ní yàrá olùkọ́. Alábẹ̀wò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Olùkọ́ ìtàn àti ẹ̀kọ́ àwùjọ gbọ́dọ̀ kọ́ni nípa ìlú tí ilé-ìwé rẹ̀ wà, kó sì mú ojú ìwé mẹ́ta wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Bí kò bá rí mẹ́ta, wọn á yọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní sáà tó ń bọ̀. Èmi nìkan ni mò ń kọ́ ìtàn níbẹ̀, ọdún kọkàndínlógún mi rèé, bùkátà ìyá mi sì wà lọ́rùn mi. Bí ìtàn bá lọ, èmi náà lọ nìyẹn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Anti Ìtàn," ni olùkọ́ kọ̀ǹpútà wí, ó ń mi ẹsẹ̀ bí ẹni tí ayé yẹ. "Ẹ sáà tẹ ohun tí ẹ fẹ́, á jáde."

Ohun tó jáde kò lóǹkà lóòótọ́. Mo rí ogun àwọn ẹlòmíràn, láti ọdún tó bẹ̀rẹ̀ títí dé iye bọ́tìnì tó wà lára ẹ̀wù ọ̀gágun wọn. Mo rí àwòrán àwọn ọmọ tó ń fi yìnyín kọ́ ààfin. Mo rí ojú ìwé kan tó ní òun kó ọgọ́rùn-ún ohun èlò ọ̀fẹ́ jọ fún olùkọ́. Mo tẹ ogójì nínú wọn. Mọ́kàndínlógójì ti kú, èyí tó kù ń bi mí bóyá ènìyàn ni mí tàbí ẹ̀rọ. Ó ti rẹ̀ mí débi pé mi ò mọ èyí tí ǹ bá mú. Ibi kan ṣoṣo tí orúkọ ìlú wa ti jáde ni ibi tí wọ́n ti ń sọ bóyá òjò á rọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tẹ "afárá tó já". Afárá ìlú wa já láyé àtijọ́, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ojú ìwé kan yọ, orúkọ odò wa ló fi pe afárá náà: ọdún 1961, ènìyàn mẹ́tàlélógún ló bá a lọ. Èkejì yọ, 1961, ènìyàn mẹ́tàlélógún. Ẹ̀kẹta náà yọ. Mo pariwo débi pé olùkọ́ kọ̀ǹpútà da omi tó ń mu sára. Mẹ́ta! Ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu rẹ́gí. Mo tẹ̀ wọ́n jáde, mo gbé wọn lọ sílé bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ibi tí mo ti dúró de omi tí mò ń gbé kaná ni mo ti kà á dáadáa. Mo dé orí gbólóhùn kan: "Kì í ṣe omi ló bá afárá jà; ẹni tó jí irin rẹ̀ tà ló bá a jà." Gbólóhùn tèmi ni. Èmi ni mo kà á fún kíláàsì kan kọ, ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: olùkọ́ á máa ka nóòtì, ọmọ á máa kọ, ẹnikẹ́ni kì í dá olùkọ́ dúró. Ọmọ kan tí a ń pè ní Oníbéèrè ló dá mi dúró. "Anti, ọdún wo ni? Ènìyàn mélòó ló kú?" Mi ò mọ̀. Ojú sì ń tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀. Mo wo kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn kíláàsì. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó kàn án ti fi irin gbígbóná tẹ ọdún sí i lára, 1961. Mo wo rẹ́jísítà. Ọmọ mẹ́tàlélógún ló wá lọ́jọ́ náà. Mo dáhùn láìṣẹ́jú, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Oníbéèrè ti dàgbà, orúkọ rẹ̀ ló wà lókè ojú ìwé àkọ́kọ́. Ó fi kún un nísàlẹ̀ pé, "Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ wa ọ̀wọ́n ti kọ́ wa." Àwọn méjì yòókù dà á kọ ni, wọn ò tilẹ̀ yí ọ̀rọ̀ kan padà.

Èyí tó dùn mí dọ́kàn ni pé ẹni tó mọ̀ ń bẹ nínú ilé mi. Orí afárá yẹn ni ìyá mi wà lọ́jọ́ tó já. Àbúrò rẹ̀ obìnrin bọ́ sómi, wọn ò sì rí i mọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bó bá ti ń ya irun mi, ìtàn náà ni, èmi a sì máa ní, "Mọ́mì, ẹ ti sọ ọ́ rí o." Mo wá di olùkọ́ ìtàn, mi ò bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní báyìí, ó ti di ọdún mẹ́ta tó ti ń bi mí pé ọmọ ta ni mí.

Mo lọ jókòó tì í. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ọdún wo ni afárá yẹn já?"

"Afárá wo?"

"Èyí tí ẹ wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin àti àbúrò yín."

"Mo ní àbúrò?" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó ṣẹ̀.

Mi ò mọ ohun tó wọ̀ mí tí mo fi ní, "Ṣé 1961 ni?"

Ojú rẹ̀ là. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ọdún yẹn gan-an ni. Ṣebí olùkọ́ ni ẹ́, o ò lè parọ́."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tíì ju mọ́kànlá lọ. Mo sọ fún ara mi pé mo ṣì ní ọdún mẹ́sàn-án, mo sì múra fún Ọjọ́bọ̀.

Alábẹ̀wò jẹ́ màmá kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn kíláàsì ló jókòó sí, ó fẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù náà gan-an. Mo kọ 1961 sójú pátákó. Àwọn ọmọ ka ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè; ó máàkì àkọ́kọ́, ó máàkì èkejì, ó máàkì ẹ̀kẹta. Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni ọmọbìnrin kan níwájú bá nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ka àwọn tó kú?"

Irọ́ ti wà lórí ahọ́n mi, mo fẹ́ sọ pé ọlọ́pàá ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti gbé bíró sórí ìwé, ó ń dúró kó kọ ohunkóhun tó bá ti ẹnu mi jáde. Bíró yẹn ni mi ò lè fara dà.

"Èmi ni," ni mo wí. "Àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo kà."

Mo lọ sẹ́yìn, mo bẹ alábẹ̀wò kó sún àga rẹ̀, mo fi ọdún hàn wọ́n lára igi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti Mọ́mì.

Alábẹ̀wò fi bíró kan fọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀. "Màdáámù, ojú ìwé mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù yìí ń béèrè. Ẹ ti ní i lọ́wọ́. Kí ló dé tí ẹ tún dà á nù?" Kò jágbe, àfi bí ẹni ń bẹ̀ mí. "Ṣé kí n kọ ohun tí ẹ sọ yìí sílẹ̀?"

"Ẹ kọ ọ́, mà."

Ó kọ ọ́.

Mo ní kí àwọn ọmọ lọ bi ẹni tó dàgbà jù nílé wọn, lónìí, kí wọ́n má dúró dọ̀la. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n kó ọdún mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, pẹ̀lú orúkọ òkú mọ́kànlá. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, lẹ́tà dé pé ẹ̀rí wa kò bára mu, wọ́n sì ti yọ ìtàn kúrò.

Mo kọ̀wé sí Oníbéèrè pé kó tún ojú ìwé rẹ̀ ṣe, irọ́ ni mo pa fún un. Èsì dé kí wákàtí kan tó pé: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Anti wa. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò níbi mẹ́sàn-án, 1961 ni gbogbo wọn wí. Ó lè jẹ́ pé ẹ ti gbàgbé ni, mà. Ọjọ́ orí ni."

Mò ń ya irun Mọ́mì lọ́wọ́ nígbà tí mo kà á.

"Ọwọ́ rẹ̀ tutù," ni Mọ́mì wí lójijì. "Ó ní kí n má fi òun sílẹ̀."

Mo ju kóòmù sílẹ̀, mo gbé bíró. "Ta ni, Mọ́mì? Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gba àlejò. "Ìwọ ńkọ́," ló wí, "ọmọ ta ni ẹ́?"