Ẹni Tó Di Okùn Mú

Ọdún 1987 ni, lásìkò tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Gàrúbà jókòó sétí ibùsùn, ó ń fi òrí ra orúnkún, nígbà tí ọlọ́pàá kan kanlẹ̀kùn. Kò tiẹ̀ béèrè ohun tó gbé e wá. Láti ìdájí ni ariwo ti gba Ìkirè kan pé píkọ́ọ̀pù tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ láti ọjà Àpòmù ti já láti orí afárá sínú odò Ọ̀ṣun.

Ó ti búra fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ò tún ní wọ omi mọ́ nítorí òkú. Etí rẹ̀ ọ̀tún ti di, èémí rẹ̀ ò gùn tó ti àtijọ́, àlá tó sì ń lá, kò fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, ìyàwó rẹ̀ a máa rán an létí. Ṣùgbọ́n ta ni wọn ì bá tún pè? Ó dìde, ó mú okùn rẹ̀, ó ń lọ.

Awakọ̀ ti bọ́ síta fúnra rẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Gàrúbà ti gbé òkú ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ jáde. Ó wá ku Sìlífátù, ọmọbìnrin tó jókòó níwájú. Sàlámọ̀tù tó ń dín dòdò ní Ìkirè ni ìyá rẹ̀, òun ló sì rán an lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Obìnrin náà jókòó sórí ilẹ̀ lásán létí odò, kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ: kí wọ́n rí ọmọ òun gbé jáde, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n kírun sí i lára. Ojú ọ̀run sì ti ṣú dẹ̀dẹ̀ lápá òkè odò. Bí àgbàrá ìyẹn bá dé, yóò yí ọkọ̀ náà lọ, tọkọ̀ tọmọ.

Èrò kún orí afárá bámúbámú. Àwọn kan tilẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ wá, wọ́n ń ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó léfòó. Òkú ṣì wà nínú omi o, ẹ̀dá sì ń ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀! Gàrúbà wò wọ́n, ó mójú kúrò. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá kó máa bínú sí aláìnítìjú.

Moses, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń dáko kòkó ní Ararọ̀mí-Òwu, ló máa ń bá a di okùn mú. Gàrúbà á so orí kan mọ́ ìdí, Moses á di èkejì mú létí odò. Bí Gàrúbà bá fà á lẹ́ẹ̀kan, kí Moses tú okùn sí i. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, kó máa wọ́ ọ bọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹni tó bá di okùn mú kì í kí ènìyàn, kì í sì í jẹ́ ìkíni, ì báà ṣe ọba ló ń kọjá.

Gàrúbà mòòkùn. Omi náà dọ̀tí, ọwọ́ ló fi ń ríran. Ó fọwọ́ wá ilẹ̀kùn ọkọ̀ kàn, kò ṣí. Ó gba ojú fèrèsé wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ kan irun tí wọ́n dì, ó kan èjìká, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú. Yẹ́rì rẹ̀ há sábẹ́ àga. Gàrúbà fa okùn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè bá a fà á.

Okùn náà dẹ̀.

Ó tún fà á. Ṣe ni okùn ń tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ nínú omi, ó sì ń wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àyà rẹ̀ fẹ́ bẹ́. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù ikú gan-an. Ó fi ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀, ó já ẹsẹ̀ gbà, ó sì jà títí ó fi yọrí.

Nígbà tó rá dé etí odò, Moses ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde nílẹ̀ ni, ẹrẹ̀ kún un láyà. Bàbá Titus, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, dúró níwájú rẹ̀. Ó wá bá Sàlámọ̀tù kẹ́dùn ni. Òun náà ló bí ìyàwó Moses. Ẹ wá sọ fún mi, ọkùnrin wo ló máa rí àna rẹ̀ tí kò ní dọ̀bálẹ̀?

"Moses, níbo lo wà?"

"Bàbá ìyàwó mi ni wọ́n dé. Mo ní kí n kàn dọ̀bálẹ̀ kí n dìde."

"Mo ti di ọwọ́ ọmọ yẹn mú," Gàrúbà ní. "Mo dì í mú, mo tún fi í sílẹ̀."

Bàbá Titus ṣí fìlà. Gàrúbà bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn nídìí. "Ó tó. Mi ò lọ mọ́. Kí wọ́n wá ẹlòmíràn."

Sàlámọ̀tù gbọ́. Ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára, ó wá kúnlẹ̀ níwájú Gàrúbà. "Bàbá Mọ́nsúrù, ẹ fún mi lókùn yẹn. Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ kí lónìí."

Àwọn obìnrin figbe ta: "Èèwọ̀! Ìyá kì í rí òkú ọmọ!"

Gàrúbà wo obìnrin náà títí. Ì bá wù ú kó sọ pé rárá. Ó tún okùn so. "Tí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, máa fà á. Tí o bá ti rí orí mi, yíjú sẹ́yìn. Moses, dúró lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ jọ fà á."

Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Moses, ó fi há okùn ìdí, ó sì tún wọ omi. Òtútù ti wọ̀ ọ́ dé eegun. Ó wá fèrèsé kàn, ó wá ọwọ́ ọmọ náà kàn, ó fi ọ̀bẹ ya yẹ́rì náà, ó sì fa okùn lẹ́ẹ̀mejì. Kò tíì fà á tán tí okùn fi le dan-in. Wọ́n wọ́ òun àti ọmọ lọ sókè bí ìgbà tí wọ́n ń fa garawa nínú kànga.

Nígbà tó yọrí, Sàlámọ̀tù ti yíjú. Ó dijú pinpin, ó ń fà. Àwọn ọkùnrin sáré gba ọmọ náà, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n gbé e gun òkè lọ. Moses tẹ̀lé wọn. Obìnrin náà ò dúró, ó ṣì ń fà, títí ó fi wọ́ Gàrúbà dé ìdí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ṣé ó ti jáde?"

"Ó ti jáde."

"Ṣé mo lè yíjú?"

Gàrúbà wòkè. Wọ́n ti gbé e sọdá afárá. "O lè yíjú."

Sàlámọ̀tù yíjú, ó la ojú, ó wá ọmọ rẹ̀ lórí ilẹ̀, kò rí i. Ìgbà náà ló tó bú sẹ́kún. Ilé ló ń wu Gàrúbà láti lọ, ṣùgbọ́n ó jókòó tì í títí òjò fi bẹ̀rẹ̀.