Ihò Ara Ògiri Ẹ̀yìn

Mọ́ṣádé to irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta síwájú pèpéle, ó gbé kámẹ́rà fídíò tó háyà l'Ékòó lé e, ó sì fi ìka tì í díẹ̀ bóyá yóò mì.

"Àǹtí mi, ìka mi ni kẹ́ ẹ máa yà o," Theophilus, àbúrò rẹ̀, sọ. Ó ń fa okùn gìtá rẹ̀ le. "Ẹ fi ojú mi sílẹ̀."

"Ṣé èmi ò sí níbẹ̀ nígbà tó ń bú ẹ ni?"

Ọ̀gá kan níléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan l'Ábẹ́òkúta ló bú wọn. Ó ní ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló lè ta gìtá rọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀? Ó ní kásẹ́ẹ̀tì òyìnbó ni wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n kàn ń fọwọ́ pa gìtá lásán. Àfi kóun rí orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, níwájú èrò, kóun rí ìka kóun sì gbọ́ ohùn, kóun tó gbé wọn jáde. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ta Mọ́ṣádé lára.

Orin bẹ̀rẹ̀. Èrò kún gbọ̀ngàn sinimá àtijọ́ tí wọ́n ti ń ṣeré náà dé bálíkónì. Wọn ò tíì dé ìdajì orin tí Olóyè Bọ́dúnrìn, alága ọjọ́ náà, tó tún ni gbọ̀ngàn, fi gun pèpéle. Ó ń lẹ náírà mọ́ Theophilus níwájú orí, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ló ń rẹ́rìn-ín sí. Agbádá rẹ̀ bo gìtá pátápátá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan!" Mọ́ṣádé ké sí i.

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni kó o yà! Gbọ̀ngàn ta ni?"

Nínú orin kejì, ó tún padà wá. Mọ́ṣádé pa kámẹ́rà. Ó yíjú sẹ́yìn kó má baà bú àgbàlagbà, ló bá rí ihò onígun mẹ́rin lókè ògiri ẹ̀yìn, níbi tí iná sinimá ti máa ń jáde láyé ọjọ́un. Ẹni tó kọ́ ilé yìí ti rò ó dáadáa: iná náà gbọ́dọ̀ gba orí gbogbo èèyàn kọjá kó tó dé iwájú. Bí iná bá lè kọjá, kámẹ́rà á ríran.

Ó gbé kámẹ́rà àti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ gòkè, ó so máìkì mọ́ irin bálíkónì, ó fa wáyà rẹ̀ wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ihò náà, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ó fa àwòrán súnmọ́ra títí pèpéle nìkan fi kù pẹ̀lú ìlà àga àkọ́kọ́, ìka Theophilus sì hàn kedere láàárín. Orin tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀.

Olóyè dìde kúrò lórí àga pupa rẹ̀ níwájú, ó wá kámẹ́rà títí. Kò pẹ́, ẹ̀ṣẹ́ ń dún lára ilẹ̀kùn.

"Ṣí i! Ṣé o fẹ́ sọ pé mi ò wá síbí ni?"

"Ẹ gbá a dáadáa sà!" Mọ́ṣádé pariwo padà. Máìkì jìnnà, kò lè gbọ́ wọn. Ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lára irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà títí orin fi parí.

L'Ábẹ́òkúta, ọ̀gá náà wo fídíò náà tán. Ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo ìka.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo Ìjẹ̀bú rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Olóyè ránṣẹ́ pé Mọ́ṣádé kò gbọdọ̀ tẹ gbọ̀ngàn òun mọ́ láéláé. Síbẹ̀, Olóyè wà nínú àwòrán náà lọ́nà tirẹ̀: láàárín ìlà àga tó kún fọ́fọ́ níwájú, àga pupa kan ṣófo.