Igi Ẹ̀gẹ́ Omifunfun

Iwájú ilé Màmá Hannah ní Omifunfun ni Fadékẹ́ jókòó sí nígbà tí wọ́n pè é láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Àrùn irúgbìn ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Òun ló já ewé ẹ̀gẹ́ lóko màmá náà lọ síbẹ̀ fún àyẹ̀wò lóṣù tó kọjá, torí pé àwọn kan ká kò, wọ́n sì pọ́n.

Bó ṣe gbọ́ èsì, ó fò dìde.

"Màmá, fáírọ́ọ̀sì méjì ló wà nínú ẹ̀gẹ́ yín! A ti mọ ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Ìkejì, a ò rí irú rẹ̀ rí! Inú igi kan náà ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ti ń yá ara wọn ní ẹ̀yà. Wọ́n lè bí ẹ̀kẹta tó máa burú jù wọ́n lọ."

Inú rẹ̀ ń dùn, àyà rẹ̀ sì ń já.

Màmá Hannah ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Mo ti ta igi rẹ̀ fún Jàmíátù. Òní ni wọ́n ń kó o lọ sí Bìní, wọ́n fẹ́ lọ gbìn ín!"

Fóònù Jàmíátù kò lọ. Ni àwọn méjèèjì bá gun ọ̀kadà, ó di Òrè, níbi tí ọkọ̀ Jàmíátù ti ń kẹ́rù. Eruku bò wọ́n, Màmá ṣáà ń pariwo mọ́ ọlọ́kadà, "Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́!"

Nígbà tí wọ́n dé gáréèjì, ọkọ̀ akẹ́rù tó kó igi náà ti ń yí kúrò. Fadékẹ́ sáré lọ dúró níwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń pariwo pé àrùn wà nínú ẹ̀gẹ́ náà.

Sàídù awakọ̀ tẹ bíréékì. "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

Jàmíátù, tó ni ẹrù, yọrí lójú fèrèsé. "Màmá Hannah, kí ló dé? Ẹ wo igi náà, ó dán, kò lábàwọ́n!"

"Àrùn yìí máa ń fara pamọ́ sínú igi ni," Fadékẹ́ dáhùn, bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Tí ewé bá hù ló tó ń yọjú. Eṣinṣin funfun á wá máa gbé e láti oko dé oko. Wọn ò ní irú rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ."

Ùmmúkùlsùm, ẹ̀gbọ́n Jàmíátù, wà lára àwọn tó fẹ́ gbìn ín ní Bìní. Jàmíátù bọ́ọ́lẹ̀, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ju ìdì àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Wọ́n dáná sun gbogbo rẹ̀. Màmá Hannah ń wo iná náà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú èyí tó kù lóko. Láàárín àwọn tó ti ká kò ni Fadékẹ́ ti rí ẹ̀gẹ́ kan tí ewé rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, ó dú minimini. Ó já ewé rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì jáde, igbe ayọ̀ ló fi bọnu nínú fóònù.

"Màmá, kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan nínú rẹ̀! Àárín àrùn ló wà, síbẹ̀ kò kó o! Ta ló gbìn ín?"

"Ìyá ọkọ mi ni, kó tó kú."

Màmá Hannah bú sẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ ọ́n! Màmá yẹn ò gbà kí ẹnikẹ́ni rí òun gbé ṣe láyé rẹ̀!"