Ọwọ́ Ọ̀tún Ni Mo Ní Kó Fi Mú Un

Ẹ má wulẹ̀ tù mí nínú. Bí ẹ bá fẹ́ bá mi jókòó, ẹ jókòó, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ẹnu mi yìí ló kó bá wa.

Òní ló di ọjọ́ mẹ́ta tí a ti tilẹ̀kùn mọ́rí nínú ilé mi ní Redan, èmi àti Tèmi. Ọmọ àbúrò mi ni Tèmi. Atlanta níbí ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, mo sì gbà á tọ́. Ọjọ́ tó wọ ilé mi gan-an ni mo rí i pé òsì ló fi ń mú ṣíbí. Ha! Nínú ilé èmi Ọlábísí? Mo fi ọmọ orógùn gbá ọwọ́ náà. Gbogbo ìgbà tó bá ti yọ ọ́ ni mo máa ń ké mọ́ ọn pé, "Ọwọ́ ọ̀tún!" Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọ̀tún ló fi ń jẹun, ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé, ọ̀tún ló fi ń sọ owó sínú igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìyá ìjọ a máa yìn mí, inú mi a sì máa dùn, èmi òmùgọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn Akínjídé náà nìyẹn. Apòògùn ni, ní Morrow lọ́hùn-ún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Tèmi mú un wálé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì mi, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ẹ̀bùn fún mi. Mo ní, "Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyí." Èmi ni mo ń ti Tèmi sí i. Nígbà tí Tèmi ní òun kò fẹ́ ẹ mọ́, ẹ̀bẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró síbi tí Tèmi ń páàkì mọ́tò níbi iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè: "Bí kì í bá ṣe èmi lo fẹ́, aṣọ ìgbéyàwó mi ni màá wọ̀ wá síbi ìsìnkú rẹ." Kóòtù fún wa ní ìwé pé kó má sún mọ́ ọn. Ìwé lásán! Ṣé ìwé máa ń dènà èèyàn ni?

Bí a ṣe dé ilé ìtajà ìbọn nìyẹn. Ẹgbẹ̀ta dọ́là ni Tèmi rí tù jọ. James ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó dá wa lóhùn, bàbá onírùngbọ̀n funfun kan, onísùúrù. Ó to ìbọn ìléwọ́ mẹ́rin síwájú wa. Àwọn oníke fúyẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló gba ojú Tèmi: irin pọ́nńbélé, tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n fi igi pupa bo ibi ìdìmú rẹ̀. James ní ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀, pé ó dára fún ẹni tó ń ra ti àkọ́kọ́. Ó wúwo, nítorí náà kì í ta ẹni lọ́wọ́ púpọ̀, kò sì fẹ̀ jù fún ọwọ́ obìnrin. Ó wá fi irin kékeré kan hàn wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, safety ni wọ́n ń pè é. Bí o kò bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ìbọn náà kò ní yìn. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni èyí ní in, níbi tí àtàǹpàkò ọ̀tún ti lè tẹ̀ ẹ́. Èyí tó ní in lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì fi igba dọ́là wọ́n jù ú lọ.

James bi Tèmi pé, "Ọwọ́ wo lo ń lò?"

Tèmi la ẹnu. Ó wo ojú mi.

Mo rí ìwò yẹn o. Mo rí i dáadáa. Mo ní, "Ọ̀tún ni. Ta ló fẹ́ san igba dọ́là lórí irin tí kò ní lò?"

"Aunty," Tèmi rọra wí, "tí ẹ̀rù bá ń bà mí..."

"Tí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ ńkọ́? Ṣé ọmọ àbíìkọ́ ni ọ́ ni?"

James tún bi í lẹ́ẹ̀kejì. Tèmi ní ọ̀tún ni. Wọ́n yẹ orúkọ rẹ̀ wò, ó sanwó, ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Ọ̀tún ló fi ń yìn ín, ó sì ń ba ohun tó bá fojú sùn. Mo ní, ṣé o rí i báyìí?

Sátidé tó kọjá, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, a ti ọjà dé. Gáráàjì ṣí sílẹ̀, mo gbé àpò ìrẹsì lọ́wọ́. Mo gbọ́, "Ẹ káàárọ̀ o, Aunty." Mo yíjú. Akínjídé ti dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì mi, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó dìde, ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra rìn lọ bá Tèmi.

Tèmi ní, "Má sún mọ́ mi." Ọwọ́ rẹ̀ ti wọ inú báàgì. Òsì ni. Ó ti tó ọdún méjìdínlógún tí mo ti rí ọwọ́ yẹn kó ṣáájú ìkejì kẹ́yìn. Èmi rò pé mo ti pa á. Ó yọ ìbọn jáde, ó nà án sí i, ọwọ́ náà kò gbọ̀n rárá. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ ń wá irin kékeré yẹn ní ẹ̀gbẹ́ tí kò sí. Ó tẹ ibẹ̀. Ó tún un tẹ̀.

Igbe já lẹ́nu mi: "Ọwọ́ ọ̀tún!"

Àgbà obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó gbọ́ràn bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó mú ojú kúrò lára Akínjídé, ó wò mí, ó sì fẹ́ pààrọ̀ ọwọ́. Àárín ọwọ́ méjèèjì yẹn ni Akínjídé ti gba ìbọn náà. Kò já a gbà. Ó gbà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gba àwo oúnjẹ.

Ó yí i wò. Ó fi àtàǹpàkò tẹ irin náà, ó ró kọ́, ó sì kọjú ẹnu rẹ̀ sí àyà Tèmi. Àpò ìrẹsì bọ́ lọ́wọ́ mi, ó tú. Mo ń pe Jésù, n kò gbọ́ ohùn ara mi. Joanna aládùúgbò wa ló pariwo láti ìta pé ṣé kò sí wàhálà o, fóònù wà létí rẹ̀. Akínjídé gbójú sókè. Ó ti irin náà padà, ó ki ìbọn bọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

"Aunty, ẹ má bínú," ó wí. "Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Màá padà wá gbọ́ èsì." Ó tẹrí ba fún mi, ó sì lọ.

Àwọn ọlọ́pàá ní àwọn ń wá a. Kò sí nílé, kò sì dé ibi iṣẹ́. Tèmi gbé àga rẹ̀ kọjú sí ìlẹ̀kùn gáráàjì, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Òsì ló fi ń jẹ ẹ́, kò fi pamọ́ fún mi mọ́.

Ọlọ́pàá kan tún pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní kí n ṣàpèjúwe ìbọn náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: irin pọ́nńbélé, igi pupa, safety ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wá bi mí pé, ọwọ́ wo ni Akínjídé ń lò?

Mo ní ọ̀tún ni. Ohun tí mo torí rẹ̀ fẹ́ràn ọmọ náà nìyẹn.