Yàrá Iwájú ní Ilé Mẹ́tírì

Ẹni tó bá fi ilé rẹ̀ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, etí ló fi ń gbé inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Eugénie ṣe fi etí gbé inú ilé bàbá rẹ̀ ní Savalou fún ọdún mẹ́ta gbáko. Òun fúnra rẹ̀ wà ní Bantè, ó ń kọ́ ọmọ ilé ìwé, ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀, Fataou tó ń bá a mójú tó ilé náà sì ń pè é lórí fóònù ní ìparí oṣooṣù láti ròyìn ilé fún un.

Ilé náà kì í ṣe ilé ńlá. Yàrá márùn-ún ni, wọ́n yí àgbàlá kan ká, kànga wà láàárín, igi máńgòrò wà lẹ́yìn kànga. Urbain bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, ẹni tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Mẹ́tírì, nítorí pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ Savalou ní ìwé. Ó ti sọ ọ́ kó tó kú pé kí wọ́n má ṣe gbé òun padà sí Bantè. Ó ní ìlú tí èèyàn bá ti fa eruku ẹfun ìkọ̀wé símú fún ọgbọ̀n ọdún, ìlú náà ló ni òkú rẹ̀. Wọ́n sin ín sí yàrá iwájú. Wọ́n fi símẹ́ńtì mọ orórì rẹ̀ ga dé itan, wọ́n fi kárò funfun tó ń dán bò ó, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ yàrá, wọ́n sì lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ọ̀dọ̀ orí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsìnkú, Eugénie ti ilẹ̀kùn yàrá náà pa. Kò sunkún. Àwọn èèyàn ní yóò sun ún lọ́la. Ọ̀la dé, kò sun ún. Nǹkan kan nínú rẹ̀ ti kú tipiri bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́: wàá fọwọ́ kàn án, wàá mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ ni, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ aládùúgbò ló máa rí lára rẹ. Ó kó kọ́kọ́rọ́ márààrùn-ún fún Fataou. Mẹ́rin, kó wá ayálégbé sí wọn. Ìkarùn-ún, kó máa fi ṣí yàrá iwájú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó gbá a, kó tún un tì. Fataou dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mẹ́tírì ló kọ́ òun náà ní ìwé, iṣẹ́ tó sì ń ṣe ni pé kó máa bá àwọn onílé tí kò sí nítòsí wá ayálégbé.

Ẹnu Fataou dùn. Àwọn àgbà ní bí ẹni tó ń bá ọ da ẹran bá ti ń yin àwọ̀ ẹran náà fún ọ jù, lọ ka ẹran rẹ. Bó bá pe fóònù, á kí Tantí, bó ṣe ń pe Eugénie, á kí Ìyá, á kí àwọn ọmọ kíláàsì, á kí òjò tó rọ̀ àti èyí tí kò rọ̀. Kó tó kan ọ̀rọ̀ ilé, owó inú fóònù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ayálégbé kejì ti rìnrìn àjò. Afẹ́fẹ́ ti ṣí páànù kan. Okùn kànga ti já. Lẹ́ẹ̀kan ó fi fọ́tò ilẹ̀kùn tuntun ránṣẹ́, ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù, ó ní ikán ti jẹ ti àtijọ́ tán. Eugénie wo fọ́tò náà, ó ní ó dára. Bí Fataou bá sọ pé ilé náà ti dìde, ó ti rìn lọ sí Djaloukou, ó ṣeé ṣe kó ní ó dára.

Laurence ìyá rẹ̀ ni kò gbà. Ní ìparí oṣù kẹwàá, ó ní orúnkún òun ti sọ fún òun pé takisí tí òun yóò tún gùn láyé kò pọ̀ mọ́, àti pé ní Ọjọ́ Àwọn Òkú ọdún yìí òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun tan àbẹ́là sí orí orórì ọkọ òun. Eugénie bá pe Fataou pé kó tún yàrá iwájú ṣe sílẹ̀. Fataou ní kí wọ́n ní sùúrù di Kérésì, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ní àwọn ń kun ilé, òórùn ọ̀dà lè di ikọ́ fún Ìyá. Lọ́jọ́ kẹta, kọ́kọ́rọ́ ti sọnù.

Eugénie kò bínú. Ìbínú náà kò wá. Ó kàn gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, ó wọ takisí, ó ní òun á kọ́kọ́ lọ wò ó kí Ìyá tó wá lọ́jọ́ Àìkú, tí í ṣe Ọjọ́ Àwọn Òkú.

Bó ṣe wọ àgbàlá, ó wá ilẹ̀kùn búlúù, kò rí i. Àwọn ilẹ̀kùn àtijọ́ ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn. Ti yàrá iwájú ṣí sílẹ̀, wọ́n ta aṣọ sí ẹnu rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ sì ń dún nínú ilé.

Ó ká aṣọ náà sókè. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló wà nídìí ẹ̀rọ. Ní ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ orórì, aṣọ kan wà lórí kárò, wọ́n ti fi ẹfun ìkọ̀wé sàmì sí i, sísọ́ọ̀sì wà lórí rẹ̀. Láàárín, ọmọbìnrin kékeré kan tí kò tí ì lè rìn ń sùn lórí òtútù kárò náà, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ orí, kò sí nǹkan kan. Fọ́tò Mẹ́tírì nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n ti nù ún, ó ń dán.

Obìnrin náà rò pé oníbàárà ni. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní aṣọ Mísà ọjọ́ Àìkú ti kún ọwọ́ òun o, àfi bí màmá bá lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Èmi ni ọmọ ẹni tó wà níbẹ̀ yẹn," ni Eugénie wí.

Obìnrin náà wo fọ́tò, ó wo ojú rẹ̀.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Ẹ jọ wọ́n."

Basirath lorúkọ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀. Djaloukou ló ti wá, ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ọdún kan àbọ̀ sẹ́yìn ni Fataou mú un wo yàrá náà nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú, ó ní tábìlì ni onílé mọ síbẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, irú tábìlì tí telọ ń wá kiri. Ó ti fi kàlẹ́ńdà bo ọ̀dọ̀ orí. Basirath san owó ọdún kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bó ṣe ń fi omi nu tábìlì, kàlẹ́ńdà já bọ́, bàbá kan sì ń wo òun. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó tọ Fataou lọ. Fataou ní owó náà ti di páànù. Basirath sùn sábẹ́ igi máńgòrò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin òjò dé. Ó gbé oyún rẹ̀ wọlé, ó kí bàbá tó wà níbẹ̀, ó jókòó sí kọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

"Láti ìgbà náà mo ń kí wọn láràárọ̀," ó ní. "Ẹni tí èèyàn bá ń kí lójoojúmọ́, ẹ̀rù rẹ̀ kì í bani pẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ ni mo ti ń gé aṣọ. N kò gbé sísọ́ọ̀sì sí ọ̀dọ̀ orí wọn rí."

Eugénie gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì láàárọ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dun òun níbì kan. Ó wá ibẹ̀, kò rí i. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé Ìyá ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá kò sì gbọdọ̀ bá sísọ́ọ̀sì lórí ọkọ rẹ̀.

"Jẹ́ kí yàrá yìí ṣófo kó tó di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú," ó ní.

Basirath kò bẹ̀bẹ̀. Ó wo ọmọ tó ń sùn. "Mo ti gbọ́, màmá," ó ní.

Ní Bantè, Eugénie sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó dára. Ó pe Fataou nígbà mẹ́rin, fóònù rẹ̀ kò lọ.

Ọjọ́ Àìkú pé. Wọ́n gun takisí ní kùtùkùtù, Ìyá di àbẹ́là mẹ́fà sínú gèlè, ó gbé e lé itan bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí wọ́n wọ àgbàlá, yàrá iwájú ti ṣófo, ilẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù, wọ́n ti fọ orórì, ó funfun báláú. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi máńgòrò kún: ẹ̀rọ ìránṣọ, ibùsùn tí wọ́n ká, ìkòkò, àdìpọ̀ aṣọ oníbàárà. Basirath jókòó sáàárín wọn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá ewé tó ń já bọ́ kúrò lára aṣọ. Kò tí ì rí ibi tí yóò lọ.

Ìyá kò wọ yàrá. Ó dúró. Ó bi Eugénie léèrè ta ló ń kó jáde. Eugénie ṣàlàyé ní gbólóhùn mẹ́ta. Ìyá bá fi ọ̀pá rìn lọ sábẹ́ igi.

"Ìwọ lò ń sùn tì í?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ má bínú."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pé ọdún kan àbọ̀."

Ìyá mi orí.

"Ṣé ó ṣì ń hanrun?"

Basirath kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. "Bóyá ni, Ìyá. Ẹ̀rọ mi ni kì í jẹ́ n gbọ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin àgbà náà, ẹ̀rín kékeré. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Eugénie, ta lo ní kó máa sùn tì í? Nílé bàbá mi ní Lougba, bí a bá sin àgbà sínú yàrá, a ń sùn nínú yàrá náà ni. Bàbá rẹ kò dá sùn rí láyé rẹ̀. Bí mo bá lọ kí àwọn èèyàn mi, ọmọ ilé ìwé ló máa ń pè wá sùn sí ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà á. Ariwo èèyàn ló fẹ́ràn. O wá tì í mọ́lé bí iṣu inú àká, o ní ọ̀wọ̀ lò ń bù fún un."

Ìyá ní kí wọ́n kó ẹrù padà.

Bí wọ́n ṣe ń kó o ni Fataou yọ, nítorí ìròyìn kì í pẹ́ rin Savalou já. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kànga pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ gùn ju ọ̀nà Bantè lọ: ìyá rẹ̀ ṣàìsàn, páànù wọ́n, ó ti ń gbèrò láti sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ ni kò gbà á. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń gbọ́. Eugénie gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́.

"Fataou," ó ní, "ilẹ̀kùn búlúù dà?"

Fataou gbé orí sókè nínú ẹrẹ̀. "Ó wà lọ́dọ̀ káfíńtà, Tantí," ó ní.

Basirath gan-an rẹ́rìn-ín. Eugénie gbé orí ẹ̀rọ kalẹ̀, ó na ọwọ́. Fataou tú kọ́kọ́rọ́ jáde lápò, lọ́kọ̀ọ̀kan, márààrùn-ún, títí kan èyí tó sọnù. Ìyá ní kí wọ́n kó wọn fún Basirath, òun ni kó máa bójú tó ilé. Basirath fà sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n dákun, aṣọ olówó tó wà lọ́wọ́ òun ti tó òun ṣọ́, òun kò mọ bí wọ́n ti í di ilé onílé mú. Nítorí náà Eugénie kó kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ara rẹ̀. Wọ́n wúwo ju bó ṣe rántí lọ.

Ìyá tan àbẹ́là mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ọ̀dọ̀ orí. Ó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀, ohun tí kò kan ẹnikẹ́ni. Ó wá ní kí Eugénie kí bàbá rẹ̀. Eugénie ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ kankan kò jáde. Ó dúró bẹ́ẹ̀, títí ìyá rẹ̀ fi gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Ìwọ náà, kí lò ń wò?" Ìyá sọ fún Basirath. "Ṣiṣẹ́ rẹ, jẹ́ kó gbọ́ ohun tó mọ̀."

Basirath tẹ́ aṣọ sí ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀, nítorí pé aṣọ ẹnì kan gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Kárò ṣì tutù, aṣọ ń yọ̀.

"Tantí, ẹ bá mi di etí aṣọ yìí mú."

Eugénie tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìka ọwọ́ méjèèjì. Abẹ́ aṣọ náà tutù, ó le. Basirath fa ẹfun láti apá kan dé apá kejì, kò gbé ọwọ́ sókè nígbà tó dé ibi ìka Eugénie, ó fà á kọjá lórí wọn, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Eugénie dì í mú títí Basirath fi ní ó tó.

Nínú takisí, Ìyá wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ funfun," ó ní. Ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun fi gbọn ẹfun kúrò nínú àpò ṣòkòtò bàbá rẹ̀.

"Mo rí i, Ìyá."

Kò nù ún. Ó gbé ọwọ́ náà lé orí àpò tí kọ́kọ́rọ́ wà, ó ń ka oṣù lọ́kàn: láti ìparí oṣù yìí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá wo ilé. Nígbà tí wọ́n kọjá Lougba, ìyá rẹ̀ ti sùn, ó ń hanrun.