Ó Ń Jowú Oorun

"Ẹ jọ̀wọ́ gbogbo ara yín sílẹ̀," tíṣà yógà wí. "Ẹ ti ṣe tiyín. Ó tó."

Gbogbo àwọn tó wá nà gbalaja lórí ẹní. Kò pẹ́ rárá tí àbúrò Télọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ló wà.

Télọ̀ lajú sílẹ̀, ó ń wo àjà. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló ti ń ṣe yógà yìí, eré ìdárayá tí wọ́n ní ó ń fi ọkàn balẹ̀, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Dókítà ló ní kó lọ, nígbà tí àyà rẹ̀ ń já débi pé kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Títí di òní, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Bí kò bá sì dáwọ́ gbígbọ̀n dúró, yóò ti ṣọ́ọ̀bù pa ni. Àbúrò rẹ̀, onídìrí aláwàdà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló wá, ó sì pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló wá ń sùn! Ṣé irú èyí dáa?

Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ wo ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jọ̀wọ́ ara sílẹ̀."

Ó tán. Inú bí Télọ̀. Ó nawọ́, ó já àbúrò rẹ̀ léèékánná lápá.

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe?"

"O ń sùn!"

"Ṣebí wọ́n ní ká sinmi ni?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Télọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Mò ń jowú rẹ ni. Láti kékeré, ohun tí mo bá làágùn kí n tó rí, ìwọ a kàn jókòó bá a."

Àbúrò rẹ̀ ń fọwọ́ ra apá. "Èmi tí n kò lè ṣe nǹkan kan fún ọjọ́ méjì tẹ̀léra? Ẹ̀yin gan-an ni mò ń jowú. Bí mo bá délé, àyà mi á tún máa já. Ibí yìí nìkan ni mo ti ń rí oorun sùn."

Télọ̀ kò mọ èyí rí.

"Láàárọ̀ ọ̀la, màá wá kanlẹ̀kùn rẹ. A ó jọ máa ṣe é lójoojúmọ́."

"Ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n ńkọ́?"

"Ọlọ́run ló mọ tèmi. Sùn jàre."

Ó dùbúlẹ̀. Àfi bí àbúrò rẹ̀ ṣe tún sùn lọ fọnfọn! Owú tún gún un, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Tẹ́lẹ̀, a máa pàṣẹ fún àyà náà pé kó dákẹ́. Lónìí, ó jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó jẹ́ kó máa lù.