Òǹkà Torgeir

Mọ́kàndínlógún. Mọ́kàndínlógún náà ni lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Nígbà tó jẹ́ ọpọlọ kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà yìí ń lò, àwòrán mẹ́rìnlélógún ló ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo jí ọpọlọ méje yòókù dìde, mo pín iṣẹ́ fún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kálukú pẹ̀lú ìpín iṣẹ́ tirẹ̀… mọ́kàndínlógún. Òṣìṣẹ́ pọ̀ sí i, iṣẹ́ ń falẹ̀ sí i. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún tó máa gbà?

Torgeir ì bá gbà. Ì bá tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lónìí tó ti kú. Àga rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ̀wù òtútù rẹ̀ wà lórí ìkọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kó jẹ́ òun ló gbé e kúrò. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, ìlú Trondheim sì ti ń ṣókùnkùn bó ṣe máa ń ṣe nígbà òtútù. Mi ò tíì tú ìwé tí mo fi di búrẹ́dì mi.

Ì bá sàn kí Benedikte, ọ̀gá wa, pariwo mọ́ mi. Kò pariwo. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, kọfí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Solfrid, ọjọ́ Ẹtì làwọn dókítà ń bọ̀. Tí àwòrán ọkàn ọmọ inú oyún bá ṣì ń dúró, tó tún ń fò lójú ẹ̀rọ wa, ètò ìyàwòrán àwọn ẹlòmíì la máa rà. Má bínú sí mi o."

"Ti Torgeir ńkọ́?"

"Torgeir ti lọ, Solfrid."

Bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá.

Ogún ọdún ni Torgeir fi kọ ètò ìyàwòrán wa. Bí ìlà ṣe ń tẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sára nǹkan, bí a ṣe ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún onígun-mẹ́ta kéékèèké kọ́ ọkàn tó ń lù. Gbogbo rẹ̀ á di ìdọ̀tí lọ́jọ́ Ẹtì bí mi ò bá lè mú un yára. Èmi. Kò sẹ́lòmíì tó lóye rẹ̀.

Ó dáa. Fara balẹ̀. Sọ ọ́ bí o ṣe ń sọ ọ́ fún kíláàsì tí ò ń kọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àwọn ará ilé wa pé jọ lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀ láti kun ara ilé, àwọn mẹ́jọ. Kálukú mú ògiri kan. Iṣẹ́ á yá, àbí? Á yá, tíṣà. Àyàfi bí — àyàfi bó bá jẹ́ korobá ọ̀dà kan ṣoṣo ló wà. Nígbà náà, ẹnì kan á máa ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, méje á tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá fi lílọ-bíbọ̀ kún un. Ẹni tó dá nìkan kun ilé rẹ̀ á ti parí ṣáájú wọn. Ó yé yín?

Ó yé wa.

Kí wá ni korobá náà? Kì í ṣe ojú àwòrán; mo ti gé e sí mẹ́jọ. Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Kálukú ló ní tirẹ̀. Kì í ṣe…

O mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ Ajé lo ti mọ̀ ọ́n.

Òǹkà.

Òǹkà Torgeir, tí kò wúlò fún dókítà kankan. Tí a bá ti ya onígun-mẹ́ta kan, á fi oókan kún un. Tí a bá pa ètò náà nírọ̀lẹ́, á kọ ọ́ sísàlẹ̀: *Iye tí a yà lónìí nìyí. Ẹ kú iṣẹ́ òní.* Bí gbogbo wa ṣe ń kí ara wa níbí tí a bá ń wẹ̀wù láti lọ sílé, títí kan àwọn tó bára wọn jà lọ́sàn-án. Torgeir ń kí èmi, ó ń kí agbálẹ̀, ó ń kí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀rọ lò ń kí?"

"Ó ṣiṣẹ́ jù ẹ́ lọ lónìí, Solfrid. Ìwọ tó ń jẹ búrẹ́dì láti aago mọ́kànlá."

Ọjọ́bọ̀ ìkẹyìn yẹn nìkan… Ó ní àyà ń dun òun díẹ̀. Ó ní òun á tètè lọ. Ó sì kí mi, mo gbọ́ ọ. "O kú iṣẹ́ òní." Mo ń wá àṣìṣe kan, mo ní "hùn-ún." Mi ò gbójú sókè.

Báwo ni kí n ṣe wá pa òǹkà rẹ̀ rẹ́?

Ṣùgbọ́n — dúró ná. Òǹkà kò wúwo. Àgádágodo tó wà lára rẹ̀ ló wúwo, èyí tó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ẹni tó wà níbẹ̀ á fi kúrò. Torgeir kì í ti nǹkan pa. Nígbà tí a kọ́kọ́ dán ọpọlọ méjì wò, mo ké sí i pé òǹkà ń fo ẹyọ kan, ẹyọ kan. Wàràkàṣì aláwọ̀ búráùn wà lẹ́nu rẹ̀. "Ta ló fẹ́ wá tún un kà? A sáà ti ṣiṣẹ́."

Ta ló wá fi àgádágodo síbẹ̀?

Mo ṣí àkọsílẹ̀ àwọn àtúnṣe. Orúkọ, ọjọ́, ìdí. *Solfrid. Kí ẹyọ kan ṣoṣo má baà sọnù.* Ọjọ́ kejì ìsìnkú.

Èmi ni.

Èmi ni mo to àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin kan tó ti lọ sílé. Tí mo sì fi ara mi ṣe ẹni kẹsàn-án.

Ọmọ kíláàsì ọjọ́ Ìṣẹ́gun á sì dá mi lóhùn láìronú: tíṣà, kí kálukú máa kọ iye tirẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀. Kí wọ́n rò ó pọ̀ nírọ̀lẹ́, tí iṣẹ́ bá parí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọ́ wọn. Nírọ̀lẹ́ náà ni òǹkà Torgeir máa ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìgbà kankan mìíràn.

Mi ò tíì fọwọ́ kan ìlà ètò kankan. Mọ́kàndínlógún ṣì ni. Mo pa ètò náà, ọ̀rọ̀ ìkíni òǹkà náà sì jáde sísàlẹ̀ bó ṣe máa ń jáde.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbójú sókè. Mo wo àga náà.

O kú iṣẹ́ òní, Torgeir.